Mi ò gbà “ètò ayé” o, ẹ jẹ́ ká tún un wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ́ọ̀sì yunifásítì mẹ́ta kan, ti bí ilẹ̀, omi, atẹ́gùn àti ohun abẹ̀mí ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́, ti ihò inú àpáta, àti ti bóyá nǹkan ẹlẹ́mìí wà níbòmíì lójú ọ̀run, ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa dábàá pé lédè Yorùbá, ká máa pè wọ́n ní “ètò ayé”, “ìmọ̀ ihò” àti “ẹ̀mí ní àgbáálá ayé”.

Ti àkọ́kọ́ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi rárá. Tẹ́ ẹ bá sọ fọ́mọ kan pé ètò ayé ló fẹ́ lọ kọ́, á rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni àbí ètò orí rédíò, ayé fúnra ẹ̀ sì tún ń jẹ́ èèyàn, ṣebí a máa ń ní ká bẹ̀rù ayé, ilẹ̀ kọ́ là ń bẹ̀rù níbẹ̀ yẹn. “Ìṣiṣẹ́pọ̀ ilẹ̀ ayé” lèmi fara mọ́. Ẹ wo Pinatubo, òkè ayọnáyèéfín tó bú gbàù ní Philippines lọ́dún 1991, inú ilẹ̀ ni gáàsì sọ́fọ̀ ti jáde, ó gòkè re sánmà, atẹ́gùn gbé e kiri, ó dí oòrùn lọ́wọ́ díẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ayé wá tutù tó bí ìdajì digirí. Èwo lètò níbẹ̀?

“Ìmọ̀ ihò” ńkọ́? Ibi tí eku ń gbé náà ihò ni, ẹ fi àpáta kún un, ó parí. Àwọn ará Ìsàrun ní Oǹdó ò dúró de yunifásítì kankan kí wọ́n tó pe ibì kan ní Ihò Eléérú, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti wú egungun èèyàn àtijọ́ ní 1965, àwọn onímọ̀ wá ń kọ ọ́ sínú ìwé ní “Iwo Eleru” fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi bíi pé ìwo màlúù ni! Àmọ́ o, ibẹ̀ àti Olúmọ, abẹ́ àpáta lásán ni wọ́n, wọn ò dà bíi Mammoth Cave ní Kentucky tí omi jẹ òkúta ẹfun títí tó fi gùn ju 600 kìlómítà lọ, torí náà ká máa pe irú tiwa ní “abẹ́ àpáta” tó bá di inú kíláàsì.

Wàhálà tó kù ni “ẹ̀mí”. “Ẹ̀mí ní àgbáálá ayé” dún bí àkọlé ìsọjí. Ẹ jẹ́ ká lo “ìwàláàyè”. Ẹnì kan ní ayé wà nínú ìyẹn náà, kò rí bẹ́ẹ̀ o, ààyè ni, bó ṣe wà nínú “ó wà láàyè”, ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ jọra. Ní Ihò Movile ní Ròmáníà, tí wọ́n rí ní 1986, oòrùn ò débẹ̀ rí, síbẹ̀ bakitéríà ń rí oúnjẹ nínú gáàsì tó ń ti inú omi jáde, àwọn kòkòrò sì ń jẹ bakitéríà yẹn, ìdí nìyẹn táwọn tó ń wo Europa, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà, tí yìnyín bò, fi ń ya ibi ihò àpáta lọ. Tí wọ́n bá wá rí kiní kan tó ń rìn lábẹ́ yìnyín yẹn lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé “ẹ̀mí rèé” lẹ máa pariwo ni àbí “ó wà láàyè”?