"Ìparí àṣà" kọ́ ló yẹ irin alùpùpù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ẹ̀pẹ́ kó ọ̀rọ̀ tuntun jọ fún àwọn tó ń tún ògbólógbòó alùpùpù ṣe. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pe bí oníṣẹ́ ṣe ń ṣe ara irin lọ́nà tó wù ú, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "custom finish", ní "ìparí àṣà", ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí. Àṣà ta ló parí? Ẹ sọ ọ́ létí àgbàlagbà kan ní Sábó, Ìkòròdú níbí, ẹ̀rù á bà wọ́n.

"Parí" yẹn ni ìjàngbọ̀n. Iṣẹ́ ń parí, ìjà ń parí. Ara irin kì í parí. Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi ọ̀rọ̀ kan, "finish", pe òpin iṣẹ́ àti bí ara nǹkan ṣe rí. "Àṣà" ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún Mágbò, ọdún ìbílẹ̀ Ìkòròdú. Fún "custom" tó jẹ́ ohun tí a ṣe lọ́nà tó wù wá, "àkànṣe" ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ẹlòmíràn ní ká lo "àwọ̀". Ẹ ṣọ́ ohùn o. Àwọ̀ ni ti ọ̀dà, awọ ni ti ẹran. Bí wọ́n bá ri ríìmù sínú omi kẹ́míkà, tí iná mànàmáná fi bàbà bò ó, tí níkẹ̀lì tẹ̀ lé e, tí kùrómù (chrome) wá gun gbogbo rẹ̀, awọ ni mo máa pe ìyẹn. Kùrómù tí à ń yìn gan-an kò nípọn tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà. Níkẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú dídán àti lílé ìpẹtà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi sáńpépà fá aluminiọ̀mù títí ó fi ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ló fi bò ó? Àwọ̀ kú, awọ kú.

Bàbá tó bí ìyá mi rọ irin ní Odogunyan kí ilé iṣẹ́ irin tó kún ibẹ̀. Bí irin tí wọ́n ti fá mọ́ bá ń gbóná, á kọ́kọ́ pọ́n bí koríko gbígbẹ ní nǹkan bí 220°C, á gba àlùkò kọjá, á di aró ní nǹkan bí 300°C. Bàbá ò ní ohun èlò ìwọn-ooru kankan. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ojú irin ti yí. Ojú! Bí aláṣọ ṣe ń sọ pé ojú aṣọ nìyẹn. Sàlẹ́ńsà tó di aró nítòsí ẹ́ńjìnì, ohun kan náà ni, àwọn mìíràn sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fi iná ṣe é.

Nítorí náà: ojú kùrómù, ojú fífá, ojú iná. Ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń gbé sínú ààrò, ojú yíyan. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ojú àkànṣe. Ẹni tó bá ní ojú irin ni ọ̀nà rélùwéè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbólóhùn á yà wọ́n sọ́tọ̀.

Arákùnrin tó ní n ò kẹ́kọ̀ọ́ èdè ní yunifásítì, kí n panu mọ́: ẹni tó sọ máṣìnì ní alùpùpù fetí sí i ni, ó gbọ́ pù-pù-pù. Etí yẹn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Lórí kùrómù àbí kúrómù, n ò tíì gbà fún ẹ̀gbọ́n. Ohùn ìsàlẹ̀ ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì wa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yọ "ìparí àṣà" kúrò kí wọ́n tó pín ìwé náà fún àwọn ọmọṣẹ́.