Ẹ̀yin tíṣà, ẹ sọ tiyín: bíró pupa lórí àròkọ ọmọ

Tíṣà Mushin: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí àwọn JSS 2 kọ àròkọ lórí iṣẹ́ òbí wọn. Ọmọbìnrin kan kọ nípa bí ìyá rẹ̀ ṣe ń yan ẹja ní Mákòókò. Kò sí àmì ohùn kankan níbẹ̀. Mo fi bíró pupa falà títí mo fi dé ìsàlẹ̀ ìwé. Bó ṣe gbà á, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi ki abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ tó ń mì. Ó dùn mí wọra. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ó ká a sí mẹ́rin! Ọmọ ti fèsì.

Akọ́mọlédè Yábàá: Èmi máa ń ka iṣẹ́ wọn sókè fún wọn ni. Ọ̀kan kọ "Igba ni iya mi ra". Mo ní, "Igbá tí wọ́n fi ń bu gàrí ni, àbí igba ọsàn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gba bíró lọ́wọ́ mi, ó fàmì sí i fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ogójì ọmọ ńkọ́?

Akọ́mọlédè Yábàá: Mẹ́jọ lóòjọ́.

Bàbá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Ọmọ-ọmọ mi kọ "aiye", wọ́n fi pupa pa á rẹ́. Inú Bíbélì mi ló ti wò ó. Ta ló wá ṣàṣìṣe?

Tíṣà Mushin: Ẹ má bínú, Bàbá. Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun: ayé, ẹyẹ, ọkùnrin. Òun ni WAEC ń bá wọn lò.

Bàbá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Mo gbọ́. Kí tíṣà ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ni mo ń wí. Ọmọ wá ń bi mí bóyá irọ́ ló wà nínú Bíbélì.

Ìyá Ìbejì: Háà!

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Èmi kọ "dánfó" nígbà yẹn, wọ́n ní "ọkọ̀ èrò" ni kí n kọ. Ta ló ń pe ọkọ̀ èrò ní Ojúẹlẹ́gba?

Akọ́mọlédè Yábàá: Dánfó tọ̀nà jàre. Mólùẹ́ náà ọkọ̀ èrò ni, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Tíṣà Mushin: Mo ti padà bá ọmọ yẹn. Mo ní, "Ibi tí o ti ní èéfín kì í kúrò lára ìró màmá rẹ, kódà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ ká jọ fàmì sí i." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìwé náà yọ. Tábìlì tún ti ń mì.