Gíráàfù mẹ́fà lójú ewé kan: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ wá fi tiyín kún un.

Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí òjò ní ìlú mẹ́fà: Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Kàlàbá àti Sókótó. Mo fẹ́ kí ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lójú ewé kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá ń wò ó lè fi wọ́n wéra. Excel ni mo fi ń ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, màá wá fi ọwọ́ fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú Word. Bí ọ̀gá mi bá ní kí n yí àwọ̀ kan padà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mò ń yí i. Lọ́jọ́ tó ní kí n fi òjò ọdún méjì sí i kún un, omi bọ́ lójú mi.

Bí mo ṣe bọ́ sọ́dọ̀ R nìyẹn, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò dátà, tí wọ́n sì fi ń ya gíráàfù. Nínú ggplot2, àkójọ irinṣẹ́ ìyàwòrán tí Hadley Wickham ṣe fún R, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ facet_wrap. Ìlà kóòdù kan péré, ó pín gbogbo rẹ̀ sí ìlú mẹ́fà, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ ti Sókótó kúrú lójú mi, mo fẹ́ kó kún àyè rẹ̀, ni mo bá kọ scales = "free_y". Ó kún lóòótọ́. Ọ̀gá mi wò ó títí, ó wá bi mí pé, "Ṣé òjò Sókótó tó ti Kàlàbá ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òjò tó ń rọ̀ ní Kàlàbá lọ́dún ju 2,500 mílímítà lọ. Ti Sókótó kì í sábà tó 800. Nínú àwòrán mi, ọ̀pá àwọn méjèèjì ga dọ́gba, nítorí pé olúkúlùkù ló ní ìwọ̀n tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà kankan ò yí padà, síbẹ̀ àwòrán náà ń purọ́. Mo yọ free_y kúrò. Sókótó rẹlẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìgbà yẹn ni mo tó rí nǹkan tó jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí: Ìbàdàn ní góńgó méjì, òjò á pọ̀ ní oṣù kẹfà, á dín kù ní oṣù kẹjọ, á tún pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Góńgó kan ṣoṣo ni Sókótó ní, oṣù kẹjọ gan-an tí òjò tiwa ń sinmi sì ni.

Àmì orí orúkọ ìlú ló pẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Lójú kọ̀ǹpútà, Ọ̀yọ́ àti Àkúrẹ́ dúró dáadáa. Mo gbé e jáde pẹ̀lú pdf tó wà nínú R, àmì ìdánudúró ló gba ipò àwọn lẹ́tà wa. Ẹnì kan ní kí n kúkú kọ Oyo lásán. Mi ò gbà, orúkọ ìlú ni. Mo kọ device = cairo_pdf, ọ̀nà míì tí R ń gbà ṣe PDF, sínú ggsave, àṣẹ tó ń fi àwòrán pamọ́ sí fáìlì, mo fi fọ́ńtì Noto Sans sí i, gbogbo àmì náà sì padà sáyè wọn.

*

Àbúrò, o kú iṣẹ́ takuntakun. Stata, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà, ni èmi ń lò, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni mò ń ṣírò ní Èkìtì. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 la ní, gíráàfù 16 nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pe graph combine, àṣẹ tó ń kó gíráàfù pọ̀ sójú kan, èyí tí mo yà gbẹ̀yìn nìkan ni mo bá. Stata máa ń fi tuntun pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ bí o kò bá fi name fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Foreach, àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ló ń bá mi sọ wọ́n lórúkọ báyìí.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tí o sọ yẹn ká mi lára. graph combine kò ní bá ọ mú ìwọ̀n dọ́gba àyàfi tí o bá kọ ycommon. Èmi kò kọ ọ́, mo sì ti fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ kan tó kàn gòkè díẹ̀ dà bí èyí tó fò sókè. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí i, àyà mi já, mo pe àwọn tí mo fi í ránṣẹ́ sí kí ilẹ̀ tó mọ́ pé kí wọ́n má lò ó. Abẹ́rẹ́ ọmọ ni, kì í ṣe nǹkan eré. Bí dátà bá wà lójú kan, by, tó ń pín gíráàfù bíi facet_wrap tìrẹ, sàn fún ọ ju combine lọ: ìwọ̀n kan náà ló máa ń fún gbogbo wọn láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́.

*

R ni èmi náà ń lò, àmọ́ mi ò lo ggplot2 rí ní tèmi. par(mfrow = c(2, 2)), tó ń pín ojú ewé sí àyè méjì lọ́nà méjì, ni mo bá dàgbà. Lọ́jọ́ tí mo gbìyànjú mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, R kọ̀ jálẹ̀: figure margins too large. Etí àwòrán ló fà á. Àyè ìlà ọ̀rọ̀ 5.1 ló ń fi sílẹ̀ nísàlẹ̀, 4.1 lósì, 4.1 lókè, 2.1 lọ́tùn-ún, fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Kí ló máa ṣẹ́kù? Mo dín mar, ìyẹn àyè etí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kù, mo fi oma ṣí àyè sí etí ìta, mo fi mtext kọ orúkọ ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kan gbòòrò ju ìyókù lọ, layout ni kí ẹ lò. Ẹ sì tọ́jú par àtijọ́ kí ẹ tó yí i, kí ẹ lè dá a padà.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń kọ Osun sórí gbogbo gíráàfù mi, tí mo rò pé kò sí ọ̀nà míì. Mo dán cairo_pdf wò láàárọ̀ yìí. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo gbé e súnmọ́ fèrèsé: Ọ̀ṣun, àmì wà lábẹ́ lẹ́tà méjèèjì.