Ara ríro lẹ́yìn eré ìdárayá líle: kí ni àfikún inú ike lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Akọ́nigbírin
Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin máa ń bi wá jù ni pé àfikún wo (ìyẹ̀fun tàbí oògùn tí a fi ń ti oúnjẹ lẹ́yìn) ni àwọn lè lò kí ẹsẹ̀ má ro àwọn mọ́. Kò sí èyí tó ń dá ìrora yẹn dúró pátápátá. Lactic acid, ásíìdì tí iṣan ń tú jáde nígbà eré líle, tí gbogbo ayé ń dá lẹ́bi, kò mọwọ́ mẹsẹ̀: láàárín nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn eré, ó ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìrora ọjọ́ kejì ń wá látinú àwọn okùn tín-ín-rín inú iṣan tó farapa níbi tí iṣan ti ń nà tó sì ń gbé ẹrù lọ́wọ́. Ìyẹn ni ìgbà tí ẹ bá ń lóṣòó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú irin léjìká, tí ẹ bá ń rọra sọ irin kalẹ̀, tàbí tí ẹ bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Láàárín wákàtí 24 sí 72 ló máa ń le jù, lẹ́yìn náà a rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń dáàbò bo iṣan ju ìyẹ̀fun èyíkéyìí lọ ni pé kó ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà rí, kódà kó kéré. Sẹ́ẹ̀tì 2 (sẹ́ẹ̀tì kan ni ìgbà mélòó kan tí a gbé irin léra kí a tó sinmi) tí kò wúwo ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ń dín ìrora ọ̀sẹ̀ kejì kù gan-an. Ẹni tó bá fi sẹ́ẹ̀tì 6 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò lè fi àfikún tún un ṣe.

Onímọ̀-oúnjẹ
Òótọ́ lẹ sọ. Iṣẹ́ purotéènì ni pé ó ń fún iṣan ní ohun tó máa fi tún ara rẹ̀ kọ́. Kì í ṣe oògùn ìrora.

Ẹni tó ń gbé irin déédéé nílò nǹkan bíi gíráàmù purotéènì 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ẹni tó wọn kílò 70 á nílò 112. Tó bá pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó di 28 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ẹ ń jẹ ná. Bí oúnjẹ bá ti fún yín ní 90, ṣíbí ìyẹ̀fun purotéènì kan lóòjọ́ ti tó. Àwọn tó ń mu ṣíbí mẹ́rin lórí ẹyin, wàrà àti ẹran ń náwó sí ohun tí ara yóò jó dànù ni. Ẹ má sì sáré tọ ike lọ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé: àpapọ̀ ọjọ́ náà ló ṣe pàtàkì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn eré lọ. Ẹni tó jẹun dáadáa ní wákàtí méjì ṣáájú eré kò tíì pàdánù nǹkan kan.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ara ike. Ẹ pín gíráàmù purotéènì sí ìwọ̀n ṣíbí náà. Ṣíbí gíráàmù 30 tó ní purotéènì 24 jẹ́ ìdá 80 nínú 100, èyí dára fún whey concentrate (whey ni purotéènì tí a yọ láti inú omi wàrà). Isolate, ìyẹn whey tí wọ́n túbọ̀ sẹ́, máa ń tó 90, ṣúgà wàrà inú rẹ̀ sì kéré, nítorí náà òun ni kí ẹni tí wàrà máa ń wú níkùn rà. Ṣíbí gíráàmù 50 tó ní 15 péré? Ṣúgà lẹ rà.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan wà tí àwọn kan ń dá: àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ kì í ka purotéènì gan-an, náítírójìn ló ń kà, wọn a wá sọ ọ́ di ìlọ́po 6.25. Ẹni tó bá da glycine tàbí taurine, èròjà oní-náítírójìn tí kò wọ́n, sínú rẹ̀ á rí nọ́ńbà tó ga láìjẹ́ pé purotéènì pọ̀. Bí ẹ bá rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí wọ́n pè ní whey lásán, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Fún pípò rẹ̀: omi ni kó kọ́kọ́ wọ ike tí ẹ fi ń pò ó, mílílítà 250 sí 300, kí ìyẹ̀fun tó tẹ̀ lé e. Bí ìyẹ̀fun bá ṣáájú, á lẹ̀ mọ́ ìdí ike. Omi gbígbóná ń mú un ṣù. Ẹ sì fọ ike lójú ẹsẹ̀, nítorí òórùn ike tó sùn mọ́jú pẹ̀lú whey nínú kì í ṣe ohun tí ẹnìkan máa ń gbàgbé.

BCAA, ìyẹn amino acid mẹ́ta tó jẹ́ ara ohun tí purotéènì fi ń di odidi, ńkọ́? Ẹni tó bá ti ń jẹ purotéènì tó kò nílò rẹ̀. Ó ti wà nínú whey.

Ọmọ-tuntun
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Creatine, ìyẹ̀fun tí wọ́n ní ó ń fún iṣan lágbára, ńkọ́? Wọ́n ní ó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Apòògùn
Àbúrò, fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ kì í bà á jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ni pé creatine máa ń di creatinine nínú ara, creatinine sì ni àwọn dókítà ń wọ̀n láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà á gòkè díẹ̀ nígbà tí kíndìnrín kò ní nǹkan kan. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò pé ẹ ń lò ó. Ẹni tó ti ní àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ rí dókítà rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Creatine monohydrate lásán ni kí ẹ rà. Àwọn oríṣi olówó gọbọi kò tíì fi hàn pé àwọn dára jù ú lọ. Gíráàmù 3 sí 5 lóòjọ́, àárọ̀ tàbí alẹ́ kò yàtọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, iṣan á kún. Ẹni tó ń kánjú lè lo 20 lóòjọ́ fún ọjọ́ 5 sí 7, ní ìwọ̀n 5 lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó bá gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó lè yàgbẹ́ gbuuru. Òṣùwọ̀n lè fi bíi kílò kan kún ìwọ̀n ara ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: omi inú iṣan ni, kì í ṣe ọ̀rá. Ó máa ń yọ́ dáadáa nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má pò ó sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú omi.

Ohun tó sì ń bí mi nínú: àwọn tó ń gbé ibuprofen, oògùn ìrora, mì lójoojúmọ́ kí wọ́n lè gbé irin. Ìwádìí kan ní Sweden, tó jáde ní ọdún 2017, fún àwọn ọ̀dọ́ ní mílígíráàmù 1,200 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Iṣan wọn kò dàgbà tó ti àwọn tó lo ásípírìn díẹ̀. Bí omi bá sì ti gbẹ lára, ibuprofen a máa ni kíndìnrín lára ju creatine tí ẹ ń bẹ̀rù lọ.

Fítámì C 1,000 mílígíráàmù pẹ̀lú fítámì E púpọ̀ lójoojúmọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mọ. Díẹ̀ lára àmì tí eré ń fi ránṣẹ́ pé kí iṣan le sí i, wọ́n lè pa á. Ti inú èso kò léwu.

Asáré-ọ̀nà-jíjìn
Fún àwa tó ń sáré, omi àti oúnjẹ afáralókun ló máa ń ṣáájú purotéènì. Ẹ wọn ara yín ṣáájú eré àti lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ díẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu òógùn. Kílò kọ̀ọ̀kan tó bá lọ, ẹ mu lítà 1.25 sí 1.5 dípò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Kílò 68.4 tó di 67.0 túmọ̀ sí lítà 1.75 sí 2.1. Ẹ fi iyọ̀ sí i tàbí kí ẹ jẹ oúnjẹ oníyọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Omi lásán tó pọ̀ jù ń dín ìwọ̀n iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù jù, orí fífọ́ àti èébì ló sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Bí eré míì bá wà láàárín wákàtí 8, ẹ jẹ gíráàmù 1 sí 1.2 oúnjẹ afáralókun fún kílò ara, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 4. Bí ó bá di ọ̀la, ẹ jẹun bí ẹ ṣe ń jẹun.

Omi tútù ńkọ́? Ìwọ̀n 10 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ń dín ìrora kù. Ó dára láàárín ìdíje kan sí èkejì.

Akọ́nigbírin
Láàárín ìdíje nìkan o! Ẹni tó ń wá iṣan kò gbọ́dọ̀ máa bọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá gbé irin, á dín ìdàgbàsókè kù.

Nọ́ọ̀sì
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí i. Ìrora tó ń dín kù lọ́jọ́ kẹta kì í ṣe ohun ìjayà. Ṣùgbọ́n bí apá tàbí itan bá wú gbandi, tí kò ṣe é ká, tí agbára kò sí níbẹ̀, tí ìtọ̀ sì dúdú bíi kóòkì, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣan ti ń fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ohun tó ń tú jáde sì lè dí kíndìnrín. Ẹ sọ irú eré tí ẹ ṣe àti ìgbà tí ẹ ṣe é, ẹ kó gbogbo ike àfikún yín dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ CK (èròjà tí iṣan tó fọ́ ń tú sílẹ̀) wò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó padà sí eré lẹ́yìn ìsinmi gígùn, tó fi ìbínú ṣe é nínú oòrùn, ló sábà máa ń kó sí i.

Apòògùn
Ẹni tó bá ń díje níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìtọ̀ wò: ẹ wá àmì Informed Sport tàbí NSF Certified for Sport, tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ ọjà náà wò fún oògùn tí a kà léèwọ̀, lára ike, kí ẹ sì wá nọ́ńbà ìpele tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀ lórí ìkànnì wọn kí ẹ tó ṣí i. Lábẹ́ òfin WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, ohun tí wọ́n bá rí nínú ìtọ̀ yín, tiyín ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìyẹ̀fun ló ti wá. Ẹ tọ́jú díẹ̀ lára ìyẹ̀fun náà sínú ike rẹ̀ títí ìdíje á fi parí, pẹ̀lú rìsíìtì.