Ìkápá ni ká pè é, kì í ṣe ìwòsàn: èsì lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Mo ti ka gbogbo èsì tó tẹ̀lé ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láti èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní ká bá àwọn wá: orúkọ tí a ó máa pe àìsàn náà (hypertension), ohun tí a ó máa pe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí i (control), àti orúkọ irú ìwádìí tó ń wá ọ̀nà tí ohun tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ aráàlú (implementation research). Ìkejì yẹn ni ọ̀pọ̀ yín fò kọjá, òun gan-an ló sì jẹ mí lógún jù.

Ẹnìkan nínú wa ní ká pè é ní “ìwòsàn ẹ̀jẹ̀ ríru”, nítorí pé kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tí wọ́n bá ti wò sàn ti bọ́ lọ́wọ́ oníṣègùn nìyẹn. Bí ibà bá lọ, a kì í mu oògùn ibà mọ́. Ṣùgbọ́n oògùn bíi amlodipine kì í lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Ńṣe ló ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè rí àyè kọjá. Bí èèyàn bá dá a dúró, kò ní pẹ́ tí iṣan á tún fi fún padà. Ẹ lọ sí Kútọ̀ tàbí Láfẹ́ńwá lọ́jọ́ ọjà, ẹ bi àwọn ìyá wa léèrè ìdí tí wọn ò fi lo oògùn mọ́. Ohun tí ẹ ó máa gbọ́ ni, “Wọ́n ní ó ti lọ sílẹ̀.” Wọn ò parọ́. Nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, tayọ̀tayọ̀ ló sì fi sọ ọ́. Oògùn ló mú un lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kò dárúkọ oògùn.

“Ìkápá” ni tèmi. Ẹ wo bí a ṣe ń lò ó nílé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ya ìpáǹle á ní “apá mi ò ká a mọ́.” Èyí tó sì ń kápá ọmọ tirẹ̀ kò sọ pé ọmọ náà ti yí padà, ó mọ̀ pé bí òun bá gbójú kúrò, ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kápá ṣì wà níbẹ̀, agbára rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, àwa ni a kò jẹ́ kó ráyè. Bí àwọn onímọ̀ ìlera ṣe ń lo “control” gan-an nìyẹn: kí ìwọ̀n tí ẹ̀rọ bá gbé jáde má tó 140/90, kó má sì gòkè padà. Kí nọ́ọ̀sì wa ní Aké sọ pé, “Ìyá, oògùn yín ti kápá rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.” Ẹni tó bá gbọ́ èyí kò ní ju oògùn síbi kan.

“Ìdarí” tí ẹ̀gbọ́n mìíràn dábàá kò jìnnà, àmọ́ ọkọ̀ àti ìpàdé là ń darí. Kò sí ìjàkadì nínú rẹ̀. “Ìdènà” ńkọ́? Ìyẹn ni ká má jẹ́ kó wá rárá. Ẹ fi í sílẹ̀ fún abala tó sọ pé kí iyọ̀ tí èèyàn ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, tí í ṣe nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, kí a sì rántí pé iyọ̀ wà nínú mági náà.

Ní ti orúkọ àìsàn, àwọn kan fẹ́ ká pa “ẹ̀jẹ̀ ríru” tì, ká fi “ìfúnpá gíga” rọ́pò rẹ̀. Ìdí wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òkun ń ru, ọtí ń ru, inú ẹni tí wọ́n bá mú bínú ń ru. Ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé ìbínú tàbí ìrònú nìkan ló ń fà á, pé òun á sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá ń ru. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kì í mọ nǹkan kan lára títí rọpárọsẹ̀ á fi dé, tàbí títí kíndìnrín á fi bà jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, bílíọ̀nù 1.28 ni àwọn ẹni ọdún 30 sí 79 tó ní in láyé, àti pé nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò mọ̀ rárá. Ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ara.

Síbẹ̀, mi ò rò pé ká pa ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà tì. Abẹ́òkúta tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn fún ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859 mọ̀ pé ìwé tí kò bá bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, wọn ò ní kà á. “Ìfúnpá” náà sì ní ìtàn tirẹ̀: oògùn tí àwọn bàbá wa ń so mọ́ apá ni lákọ̀ọ́kọ́. Báyìí, aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá tó ń fún un ló jẹ́ kí orúkọ náà bá ẹ̀rọ mu, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àbá mi ni pé kí “ẹ̀jẹ̀ ríru” máa jẹ́ orúkọ àìsàn, kí “ìfúnpá” máa jẹ́ orúkọ ohun tí a wọ̀n. “Ìfúnpá bàbá jẹ́ 156/98 lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.” Ẹni tó bá ní “BP mi ga” náà ò ṣẹ̀.

Ó ku ìwádìí. “Ìwádìí ìmúṣẹ” ni ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí. Àsọtẹ́lẹ̀ ló ń wá sí ìmúṣẹ, ó lè dé kí ẹnikẹ́ni má ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1967 ni àwọn oníṣègùn tó ń tọ́jú àwọn ológun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé oògùn ń dín jàǹbá kù lára ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga gidigidi. Títí di òní, nǹkan bí ẹnì kan péré nínú márùn-ún tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láyé ni wọ́n ti bá a kápá rẹ̀. Oògùn wà, ìmọ̀ wà. Ètò tí ìjọba àpapọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ aládàáni kan tó ń jẹ́ Resolve to Save Lives gbé wá sí Ògùn àti Kánò ní 2020 kò wá oògùn tuntun kankan. Ohun tó ń lépa ni ìlànà kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò lè tẹ̀lé láìjẹ́ pé dókítà wà níbẹ̀, oògùn tí kò ní tán nínú àpótí, àti àkọsílẹ̀ tó ń fi ẹni tí kò padà wá hàn. Iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá “ìwádìí ìfìmọ̀ṣiṣẹ́”, kí a lè gbọ́ ìmọ̀ nínú rẹ̀, kí a sì gbọ́ iṣẹ́. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ “ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò” gùn jù ú lọ, a sì ń sọ ọ́ lórí rédíò lójoojúmọ́. “Ìmúlò” dára bákan náà, àfi pé àwọn onímọ̀ èdè ti ń lò ó fún ìmúlò èdè.

Ẹnìkan tún bi wá léèrè ohun tí a ó máa pe nọ́ḿbà méjèèjì tó wà nínú ìfúnpá, bíi 156 àti 98 yẹn. Nínú ìwé ìléwọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ “tòkè” àti “tìsàlẹ̀” bí wọ́n ṣe ń pè é nílé ìwòsàn. Nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, mo fara mọ́ “ìfúnpá ìsúnkì” fún ìgbà tí ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, àti “ìfúnpá ìsinmi” fún ìgbà tó bá dẹwọ́.