Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ láàárín bàálù ńlá àti kékeré?

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń darí bàálù láti orí ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni. Òfin ICAO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù lágbàáyé, ní bí ọ̀nà bàálù méjì bá fi dígírì 45 yà síra kété tí wọ́n gbéra, ìṣẹ́jú 1 tó. Ṣùgbọ́n bí Boeing 777 tó jẹ́ ńlá bá ṣáájú ATR 72 tó kéré sí i, ìjì tí apá bàálù tó ṣáájú ń dá sílẹ̀, tójú kì í rí, ń fẹ́ ìṣẹ́jú 2. Ìṣẹ́jú 3 ni bí kékeré bá gbéra láti àárín ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń sáré gbéra. Èyí tó pọ̀ jù ni mo rò pé ó yẹ kí n mú, ẹ̀mí èèyàn ni. Àmọ́ báwo lẹ ṣe ń dá awakọ̀ tó ń kánjú lóhùn?