Agency ló rán an lọ, warehouse ló ti ṣèṣe: ta ni yóò sanwó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta
Ẹ̀yin àgbà ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mo gbé wá o. Agency kan, àwọn tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ẹlòmíì, ló fi í sí warehouse, iṣẹ́ kíkó ẹrù sínú páálí ni wọ́n bá a sọ. Lálẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n ní kó wá bá àwọn fa pallet, pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, ni pallet bá gorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá warehouse ní kó lọ bá agency, pé àwọn kọ́ ni àwọn ń san owó rẹ̀. Agency náà ní kó kọ́kọ́ lọ gbàwé wá lọ́wọ́ warehouse. Wọ́n ń gbá a síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ti wú báyìí. Ó ní òun á kúkú sọ fún dókítà pé ilé lòun ti ṣubú, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ òun. Kí ni ká ṣe?

Ìyá Ìbejì, Decatur
Háà, kó má dán an wò! Nọ́ọ̀sì ni mí. Ohun tó bá ti ẹnu aláìsàn jáde la máa kọ sínú fáìlì, fáìlì yẹn sì ni àwọn ìnṣọ́ránsì máa kọ́kọ́ béèrè. Tí "ilé ni mo ti ṣubú" bá ti wọbẹ̀, yíyọ rẹ̀ á di ogun. Kó sọ pé ẹnu iṣẹ́ ni, kó dárúkọ agency, kó dárúkọ warehouse. Tí ẹsẹ̀ bá wú tó bẹ́ẹ̀, kó gba emergency lọ lónìí. Kò sí ìwé kankan tó yẹ kó dúró dè.

Alàgbà Stone Mountain
Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un, ti Georgia o. Ìnṣọ́ránsì agency, workers' comp tó wà fún ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, ló sábà máa ń san owó ìwòsàn àti owó ọ̀sẹ̀ tí kò bá lè ṣiṣẹ́, nítorí agency ni agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Ó ní 30 ọjọ́ láti fi tó wọn létí, ó sì ní ọdún kan láti kọ fọ́ọ̀mù WC-14 tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀tọ́ ránṣẹ́ sí State Board of Workers' Compensation, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí i. Kó má dúró de 30 ọjọ́ kankan. Kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí agency àti ọ̀gá warehouse lónìí: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, aago, ẹni tó wà níbẹ̀, ibi tó ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ orí fóònù, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ ọ rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ lẹ orúkọ dókítà, ó kéré tán mẹ́fà, síbi tí òṣìṣẹ́ ti máa rí i. Nínú wọn ló máa yan. Ti àwọn ọmọ agency lè wà lára ògiri ọ́fíìsì tí ọmọ náà ò dé rí láyé. Kó ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Tí wọn ò bá ní in rárá, dókítà tó wù ú ni kó lọ bá.

Owó ọ̀sẹ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó ń gbà, títí dé iye tí òfin dá dúró sí. Wọn kì í san ti ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, àfi tó bá ju ọjọ́ 21 lọ léraléra tí kò lè ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn, Houston
Ará Texas, ẹ má fi ti Georgia ṣe tiwa o. Níbí, òfin ò fi dandan mú ilé iṣẹ́ aládàáni pé kó ra workers' comp. Non-subscriber ni wọ́n ń pe ẹni tí kò rà á. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, torí àwọn kan ní ètò tiwọn tó ní o gbọ́dọ̀ wí láàárín wákàtí 24, tàbí pé ọ̀dọ̀ onílàjà (arbitration) ni ẹjọ́ máa lọ dípò kóòtù. Ibi tó dára níbẹ̀ ni pé o lè pè wọ́n lẹ́jọ́ fún àìbìkítà, wọn ò sì lè fi "ìwọ náà ò kíyè sára" gba ara wọn sílẹ̀.

Àǹtí Gwinnett
Ẹ ti fẹ́ sọ gbogbo àwa alágency di olè o. Mo ní kékeré kan, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa.

Lórí $100 owó oṣù kọ̀ọ̀kan ni ìnṣọ́ránsì ti ń bu tiwọn, irú iṣẹ́ ló sì ń sọ iye rẹ̀. Akọ̀wé inú ọ́fíìsì, owó díẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹrù, ó pọ̀ gan-an. Tí ọmọ tí mo rán bá ṣèṣe, orúkọ tèmi ló wọ ìwé, ọdún mẹ́ta ló sì máa fi ń bá owó tí mò ń san rìn. Warehouse tí kò kọ́ ọ níṣẹ́ á kàn pe agency míì lọ́la. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bo ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn míì ń kọ "akọ̀wé" sórí ẹni tó ń gbé páálí, jìbìtì gbáà, ó sì máa ń tú nígbà tí ìnṣọ́ránsì bá wá yẹ ìwé owó oṣù wò. Mi ò gbèjà wọn.

Láti 2013 ni OSHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹrù agency àti warehouse ni ààbò òṣìṣẹ́. Èmi máa ń kọ́ wọn ní ìpìlẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ ló máa kọ́ wọn ní ti ẹ̀rọ ibẹ̀. Mo máa ń lọ wo ibẹ̀ fúnra mi kí n tó rán ẹnikẹ́ni, ó sì wà nínú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ yí iṣẹ́ ẹni padà láìpè mí. Oníbàárà kan yarí, ó ní òun ló ń sanwó, òun á gbé ọmọ tí wọn ò kọ́ sórí forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù. Mo kó àwọn èèyàn mi kúrò. Owó yẹn dùn mí o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Àbúrò, wọ́n yí iṣẹ́ ọmọ yẹn padà. Kó kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta
Ẹ ṣé gan-an, mà. Wọ́n tún ti ní kó má padà wá mọ́. Ṣé a lè pe warehouse lẹ́jọ́?

Alàgbà Stone Mountain
Tí ìnṣọ́ránsì agency bá ti san workers' comp, òfin Georgia ti dáàbò bo warehouse náà. Ti lílé yẹn yàtọ̀. Tó bá jẹ́ torí pé ó sọ pé òun ṣèṣe ni wọ́n fi lé e, 30 ọjọ́ péré ló ní láti fẹjọ́ sun OSHA, 1-800-321-6742. Kó má fọwọ́ sí ìwé kankan tí wọ́n bá gbé wá kí lọ́yà tó rí i.

Ìyá Ìbejì, Decatur
Kó sì máa kọ máìlì tó bá wà lọ sọ́dọ̀ dókítà àti ilé oògùn sílẹ̀ o. Wọ́n ń san ìyẹn náà padà.